Oorun Tó Di Àhámọ́

Gbàmù! Táyà ọkọ̀ kan ló bẹ́ ní ibùdókọ̀, ní ọ̀sán gangan tí èrò wọ́ bí eéṣú. Àwọn tó ń du ọkọ̀ fò sókè, wọ́n rí i pé táyà ni, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá Adúmáadán ti fa ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti fi gbogbo ara bò ó mọ́lẹ̀ bí adìyẹ tó rí àṣá.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè díẹ̀, tó sì rí ojú kan lábẹ́ àga gígùn tó wà ní òdìkejì. Ọmọkùnrin kan ni, ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ojú náà dúdú, ó jinlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín níbẹ̀. Nínú gbogbo èrò yẹn, àwọn mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀, ọmọkùnrin yìí sì ń wò ó bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Àyà Adúmáadán lù kìkì. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló fà á.

"Sójà àná!" awakọ̀ kan pariwo. "Ẹ dìde o, ogun ti parí!"

Ẹ̀rín tún sọ.

Lóòótọ́, ogun ti parí. Ó ti lé lọ́dún kan tí bàbá ti bọ́ aṣọ sójà. Ṣùgbọ́n ogun tẹ̀ lé e wálé, ó sì gba yàrá. Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí báyìí, bàbá á ti ilẹ̀kùn, á fi àgádágodo há a láti inú, á sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ó ti kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé, àfi ọ̀kan ṣoṣo onírin ní pálọ̀. Iná ni wọ́n ń tàn lọ́sàn-án. Ilé náà móoru bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Bàbá kì í sùn, á kàn jókòó, á kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyá, tó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì, á kanlẹ̀kùn, á sọ orúkọ ara rẹ̀, á sọ ti ìyá tó bí i, kí wọ́n tó ṣí fún un.

"Ṣé ilé ọkọ mi nìyí ni, àbí bárékè?" ìyá máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láti fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́.

Adúmáadán wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Ìdánwò ti kanlẹ̀kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ fún ẹ̀kọ́ àfikún nírọ̀lẹ́, òun nìkan ni kì í lọ. Ẹni tó máa ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò tẹ́lẹ̀ kò mọ ìdí ìwé mọ́ báyìí, ó dà bí ẹni ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọkùnrin abẹ́ àga yọ sí i ní ilé ẹ̀kọ́ gan-an. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí bó ṣe máa ń pa ilẹ̀kùn dé bíi pé ọmọ tuntun ń sùn nítòsí.

"Ìwọ ni mo rí lábẹ́ tábìlì," ó ní.

"Èmi kọ́."

"Ó dáa. Ẹni tó jọ ẹ́ yẹn mà rẹwà o."

Adúmáadán kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín fúnra rẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ogun ló jó ilé àwọn, pé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá òun lòun ń gbé. "Ìgbà tí mo dé, mi ò lè sọ̀rọ̀ rárá. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ń kó wa jọ síbẹ̀, àwa ọmọ àti àwọn sójà, ká lè máa sọ ohun tójú wa rí nínú ogun. Mú bàbá ẹ wá."

"Bàbá mi kì í ṣe wèrè!"

"Ṣé èmi ni wèrè ni? Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, ṣé wèrè nìyẹn náà?"

Adúmáadán kọ ẹ̀yìn sí i, ó lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbọ́ pé ó mú bàbá lọ síbẹ̀, níbo ni yóò fi ojú sí? Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláròyé ló gbà lọ.

"Ìyẹn náà lo wá ń sunkún lé lórí?" Aláròyé ju hóró oògùn méjì sí i lọ́wọ́. "Oògùn oorun ìyá àgbà mi rèé. Tí wọ́n bá lò ó, wọ́n á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Dà á sínú tíì, lọ kàwé, kó o padà. Bàbá sinmi, ìwọ náà sinmi. Ta ló kú?"

Adúmáadán rò ó títí. Ṣebí oorun ni bàbá kò rí sùn? Àánú ni, kì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá àwíjàre tì.

Lọ́jọ́ kejì, ó po tíì náà, ó fi mílíìkì tó pọ̀ sí i.

"Tíì ọmọ mi dùn," bàbá ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún un bí abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ tí orí bàbá fi ṣubú sí èjìká. Adúmáadán rọra bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kékeré ń ṣeré nílẹ̀. "Má jí bàbá o. Mò ń bọ̀." Ó jáde, ó sì fi àgádágodo náà ti ilẹ̀kùn láti ìta, kí olè má baà wọlé bá wọn. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú. Ó sáré bí ẹyẹ tó já lókùn.

Olùkọ́ ṣì ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí káfíńtà àdúgbò wọn já wọlé pẹ̀lú èémí gbàgbàgbà. "Adúmáadán! Bàbá ẹ ń fọ́ ilé!"

Ó sáré. Jẹ́jẹ́, tí òun náà wà níbi ẹ̀kọ́, sáré tẹ̀ lé e.

Èrò ti kún iwájú fèrèsé onírin. Adúmáadán wo inú pálọ̀. Bàbá wà lábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó gbá àbúrò Adúmáadán mọ́ra, ó sì fi ọwọ́ dí ọmọ náà lẹ́nu pinpin kí àwọn ọ̀tá má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń ta gìrìgìrì.

Kí Adúmáadán tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, káfíńtà ti gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń lù ú ni ọwọ́ bàbá ń le sí i.

"Ẹ dákun, ẹ má lù ú mọ́!" Jẹ́jẹ́ kígbe. "Ìbọn ni wọ́n ń gbọ́!"

"Kí lọmọdé mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" káfíńtà ní.

"Ẹ gbọ́ tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Adúmáadán ní. Káfíńtà sọ òòlù sílẹ̀, ọmọbìnrin náà sì di irin fèrèsé mú. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀!"

"Má tíì ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rò pé ọ̀tá ló já wọlé. Má sì ní kí wọ́n fara balẹ̀," Jẹ́jẹ́ sọ sí i létí. "Ta ló ń fara balẹ̀ lójú ogun? Sọ ohun tó wà nínú pálọ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn."

Adúmáadán sún ojú mọ́ irin. "Bàbá, èmi ni. Ilé wa lẹ wà. Àga wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ló wà lẹ́yìn yín. Ife tíì wà nílẹ̀. Bàbá, kápẹ́ẹ̀tì lẹ jókòó lé. Ẹ fọwọ́ kàn án, ibi tí áyọ́ọ̀nù jó. Àbúrò mi lẹ dì mú. Eyín iwájú rẹ̀ yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin lẹ bá a jù ú sórí òrùlé."

Ọwọ́ bàbá kúrò lẹ́nu ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ibi tó jó lára kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà hú ikọ́, ó sì ké gbàà. Kò tíì sí orin tó dùn létí Adúmáadán tó ẹkún yẹn.

"Áyọ́ọ̀nù ìyá yín," bàbá ní, bí ẹni ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Adúmáadán ṣílẹ̀kùn, ó wólẹ̀. "Èmi ni mo fi oògùn oorun sínú tíì yín. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá gbójú sókè wò ó. "Mo mọ̀ pé àlá ni mò ń lá," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, tó bá ti burú jù, mo máa ń jí. Lónìí oorun kò tú mi sílẹ̀. Ibi tí mò ń sá fún lo tì mí mọ́, ọmọ mi."

Kò sí egba tó lè dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré náà, níbi tí àmì ìka rẹ̀ ti wú, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ìrọ̀lẹ́ kan péré lo fi tì mí mọ́lé. Èmi ti tì yín mọ́lé láti ọjọ́ tí mo ti dé."

Nígbà tí ìyá dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ. Bàbá fa lẹ́tà kan yọ nísàlẹ̀ àpótí, ó ti pọ́n létí. "Dókítà ológun ló kọ ọ́, ó ní kí n gbé e fún ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ mi. Mo ní bí mo bá gbé e fún wọn, wọ́n á pè mí ní wèrè."

Adúmáadán tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un," ìyá ní, "hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Gbogbo wa la dákẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n jọ lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Àbúrò kò jẹ́ kí bàbá di òun lọ́wọ́ mú, ìyá ló mú un dání. Nọ́ọ̀sì rí i, ó ní kí òun náà máa wá bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré. Kò ṣèlérí pé ara bàbá yóò yá kíákíá. Jẹ́jẹ́ ti dé síbẹ̀ ṣáájú wọn. Ó wo Adúmáadán, Adúmáadán sì wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó dojú bolẹ̀ nínú wọn.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí ó lè sá gbà.

"Ilẹ̀kùn yìí kì í tì," nọ́ọ̀sì ní. "Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ jókòó sí."

Ibẹ̀ ló ti wá yé Adúmáadán pé egbò ọkàn kì í jiná nínú ìkọ̀kọ̀, pé ìtìjú kì í ṣe oògùn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn kì í pa á lẹ́nu mọ́, ńṣe ló ń bá a wá olùrànlọ́wọ́.

Bàbá wọlé. Ó na lẹ́tà náà sí nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì gbà á.