Ìlú Orí Tábìlì Túbọ̀sún

Àpò ni Àfúsá kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin tó rù ú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin gíga náà wọ agbo-ilé wọn ní Kẹ́mta, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń rẹ́ sílẹ̀ nílé ìlagi ló kún inú àpò náà. Ó ti dà sí i léjìká, ó dà sí i nírun, àfi bí ẹni tí wọ́n yí nínú gàrí. Àfúsá ń sá àdìrẹ sórí okùn lọ́wọ́. Ó gbàgbé aṣọ tó dì mú, aró ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó ń wo àlejò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àrẹdú o," ni ọkùnrin náà wí.

Ó ya Àfúsá lẹ́nu pé ẹni tó múra bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì mọ bí wọ́n ṣe ń kí aláró. Ó dá a lóhùn, ó ní kí làwọn lè ṣe fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rẹ eléyìí. Kó dà bí ewé."

Sìdíkàt, ẹ̀gbọ́n Àfúsá, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ aró, gbé ọ̀pá tó fi ń ro ìkòkò sílẹ̀. Ó ní aṣọ làwọn ń rẹ láti ìgbà ìyá àwọn, àwọn kì í rẹ ìdọ̀tí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Túbọ̀sún lorúkọ òun, Èkó lòun ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin lòun sì ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìyẹ̀fun igi ṣe, ojú tì í díẹ̀. Ó ní koríko ni.

Ọ̀rọ̀ koríko yìí kò kúrò lọ́kàn Àfúsá. Gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni koríko kún, kí ló dé tí ẹnì kan fi ń fi igi ṣe tirẹ̀? Nígbà tí Túbọ̀sún fi àpò náà sílẹ̀ lọ, Àfúsá rẹ díẹ̀ wò, ó wá dà bí aṣọ agbábọ́ọ̀lù. Ó dà á nù. Ó mú àwọ̀ ewé mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó rẹ apá kan dúdú díẹ̀, ó jẹ́ kí apá kejì pọ́n bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn, ó sá gbogbo rẹ̀ sórí ẹní.

Nígbà tí Túbọ̀sún padà wá, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó bi Àfúsá pé báwo ló ṣe mọ̀ pé irú èyí gan-an lòun ń wá.

"Mi ò mọ̀," ni Àfúsá fèsì. "Koríko kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó yá, ẹ sọ fún mi, ẹran wo ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Túbọ̀sún ní ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ, àfi kí wọ́n wá fojú rí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àfúsá àti Sìdíkàt lọ sílé rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́. Tábìlì ńlá kan gba gbogbo àárín yàrá. Lórí rẹ̀ ni àdúgbò Láfẹ́ńwá wà ní kékeré: odò, afárá, ojú irin, àti àwọn ilé tí a fi páálí àti fóòmù gé, tí èyí tó ga jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Túbọ̀sún tẹ súìṣì, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó kọjá lórí afárá, ó yí ẹ̀yìn òkè, ó tún yọ. Sìdíkàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àfúsá ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá orí tábìlì dọ́gba, bí ẹni tó fẹ́ wọ ìlú náà.

Túbọ̀sún wá ṣàlàyé. Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ ní Láfẹ́ńwá, nínú ilé kan tó sún mọ́ ojú irin. Òjò ti wó ilé náà, ìyá àgbà sì ti lọ. Ó wá fọ́tò àdúgbò náà títí, kò rí, ló bá ní òun yóò fi ohun tí òun rántí kọ́ ọ.

"Ta ló ń gbé inú eléyìí?" ni Àfúsá ń bi í, ilé kan lẹ́yìn èkejì. Túbọ̀sún kò mọ̀. Àfúsá ní kó fa kọ́tìnì, kó tan iná kí àwọn rí i. Gílóòbù kéékèèké tó wà nínú gbogbo ilé tàn lẹ́ẹ̀kan náà, funfun báláú.

"Bọ̀dá Túbọ̀sún, ilé ìwòsàn lẹ kọ́ yìí," ni Àfúsá wí. "Ilé kan á máa lo àtùpà. Òmíràn, tẹlifíṣàn nìkan ló tàn. Òmíràn á ṣókùnkùn, wọn ò tíì tọjà dé."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń kọ́ ìlú. Àfúsá rẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní àwọ̀ ọsàn, ó fi wé gílóòbù, iná wá rọ̀ bí iná àtùpà. Ó gé àjákù àdìrẹ ṣe kọ́tìnì ojú fèrèsé. Odò tí Túbọ̀sún ti kùn ní búlúù, ó ní irọ́ ni, nígbà òjò bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí lodò Ògùn ń rí. Wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́ àwọ̀, wọ́n tún un kùn. Wọ́n lè fi ìrọ̀lẹ́ gbáko jiyàn lórí ibi tí pọ́ọ̀lù iná kan yóò dúró sí, kò sì sí èyí tó ń fẹ́ kí àríyànjiyàn náà parí.

"Bọ̀dá tí ò ń pè mí yìí ti ń sú mi," ni Túbọ̀sún wí lọ́jọ́ kan.

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ṣeé sọ lójú Àǹtí Sìdíkàt."

Sìdíkàt ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bàbá wọn, Alhaji Mùtíù, gbọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí, èkejì, ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ṣì ń fi ọkọ̀ ọmọdé ṣeré, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ṣe? Usamah tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú ti ń wá ojú rere Àfúsá ó pẹ́. Wọ́n ní kí Àfúsá má dé Kọ́bapẹ́ mọ́.

Sìdíkàt ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Túbọ̀sún, òun náà ló sì mú èsì bọ̀: Túbọ̀sún ti ń tú tábìlì náà. Nígbà tí Àfúsá gbọ́, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó tẹ òfin bàbá rẹ̀ lójú. Ó bá Túbọ̀sún níbi tó ti ń ká wáyà. Ó ti yọ afárá kúrò.

"Ta ló ní kí ẹ tú u?"

"Bàbá ní ọmọdé ni mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí àgbàlagbà."

"Bí ẹ bá tú u tán, ta ni màá wá fẹ́?" Àfúsá gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọkùnrin tó ru ìyẹ̀fun igi gba àárín ìgboro, tí kò bìkítà ẹni tó ń wò ó, òun ni mo nífẹ̀ẹ́. Mi ò mọ ẹlòmíràn."

Kò sọ ọ́ rí. Túbọ̀sún wò ó lójú, ó gbé afárá, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀.

Àfúsá délé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ibi tó lọ. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà. Ó ní kí wọ́n kàn bá òun wo ohun tí òun rí, Láfẹ́ńwá orí tábìlì náà. Alhaji dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nígbà tó yá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n ṣàdédé ní: "Láfẹ́ńwá tẹ́ ẹ ní ẹ kọ́ yẹn, ṣé apá ibi afárá ni?"

Ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀ ni pé kí wọ́n tó bí wọn, Alhaji ti ṣe ládàánì rí ní mọ́sálásí kékeré kan lẹ́bàá ojú irin níbẹ̀.

Àfúsá mú bàbá rẹ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́. Alhaji káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n rìn yí tábìlì ká. Túbọ̀sún tan iná. Alhaji bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wo fèrèsé ilé kan, wọ́n wo òmíràn. Wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì tó ní agogo.

"Mọ́sálásí dà?"

Túbọ̀sún ní ìyá àgbà òun kì í jẹ́ kí òun fo ojú irin lọ sí apá ibẹ̀, òun kò rí i rí. Alhaji na ìka sí ààyè kan tó ṣófo. Wọ́n ní ibẹ̀ ni, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn gan-an ló ń pe ìrun níbẹ̀. Wọ́n wá nà ró.

"Ìlú tí o kọ́, o gbàgbé wa níbẹ̀. Nínú ilé rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ mi máa ráyè kírun?"

Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò ní fi irọ́ gba ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kírun ló yẹ kí n bi." Ó dìde, ó kọjú sí Àfúsá. "Àfúsá, bí o bá máa gbé inú ilé yìí pẹ̀lú mi, ibo lo fẹ́ máa ti kírun?"

Ó ṣe díẹ̀ kí Àfúsá tó mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ó rin inú ilé náà, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń wò, bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, Túbọ̀sún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dé yàrá ẹ̀yìn, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ tí atẹ́gùn sì ń wọlé.

"Ibí," ni ó wí.

Alhaji wo ojú ọmọ wọn, wọ́n wo fèrèsé náà. Wọ́n ní kí Túbọ̀sún sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá kí wọ́n máa bọ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìdána ti kọjá, wọ́n sì ti so wọ́n pọ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí Àfúsá jí nínú ilé náà, ó bá búta omi àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, omi náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Túbọ̀sún ti jókòó síta nínú ìrì, ó ń dúró dè é kó kírun tán.