Aṣọ Akọrin Lára Páìpù

Ẹ̀jẹ̀ ni Monínúọlá kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ó gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀, Ọlálérè, tó ń tún ohùn dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Adó ṣe de ìkórè ọjọ́ Àìkú. Bàbá wà nílẹ̀, orí ti fọ́, ìka ọwọ́ ọ̀tún ti rún wómúwómú bí ohun tí wọ́n fi òòlù lù. Gbogbo páìpù dùùrù tí bàbá bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti pòórá. Wọ́n palẹ̀ aṣọ akọrin pàápàá mọ́.

“Yéè! Ẹ gbà mí o!”

Bàbá ò lajú lọ́sibítù. Sájẹ́ǹtì Ayọ̀rìndé ò sì ṣàánú ọmọ.

“Wọ́n tú páìpù, àfọ́kù kan ò sí nílẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n tú l'Ádòó yìí?”

“Ilé wa ni, sà.”

“Ẹ̀yin lẹ jí i nìyẹn.”

“Kí n fi òòlù fọ́ bàbá mi lọ́wọ́?”

“Mo ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mi ò bá rí olè títí di ọ̀sán Sátidé, ìwọ ni màá tì mọ́lé.”

Orúkọ ilé ìran mẹ́ta fẹ́ bàjẹ́! Oorun ò kun Monínúọlá. Láàárọ̀ Sátidé ló tó rántí aṣọ akọrin. Irin páìpù rọ̀, òógùn ọwọ́ a máa bà á jẹ́. Ẹni tó bá gbé e láìfi aṣọ wé e nílé wọn, pàṣán bàbá á bá a. Olè tó fẹ́ yọ́ irin tà, kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe? Ẹni kan ṣoṣo ló tún jẹ pàṣán yẹn: Adédoyin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fọ́dún mẹ́fà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún lẹ́bàá ibùsùn bàbá lánàá ni, ọ̀dàlẹ̀! Ó ní òun ń lọ to dùùrù tuntun láti Jámánì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìgbẹmọ.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìgbẹmọ, sà. Bí mo bá parọ́, ẹ tì mí mọ́lé.”

Òun, Sájẹ́ǹtì àtàwọn ọlọ́pàá rẹ̀ bá Adédoyin lórí àkàbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn páìpù wà lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ akọrin pupa lára wọn. Ó ju òòlù. Ó ba Sájẹ́ǹtì níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fún Monínúọlá lọ́rùn.

“Bí ẹ bá sún mọ́ mi, màá pa á!”

Monínúọlá gé ọwọ́ rẹ̀ jẹ títí eyín fi kan egungun. Adédoyin ké, ó sá gba ojú fèrèsé bọ́ sínú oko ìrẹsì. Ẹrẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó lù ú bolẹ̀.

Monínúọlá ti gbé òòlù yẹn wá. Ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún Adédoyin mọ́ ẹrẹ̀, ó gbé òòlù sókè.

“Ọmọbìnrin, sọ ọ́ nù!” Sájẹ́ǹtì gbá a mú. “Bàbá ẹ ṣì nílò ọwọ́ ẹ.”

Adédoyin jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó dárúkọ àwọn méjì tó bá a kó o. Ó ní òun fọ́ ọwọ́ ọ̀gá òun kó má baà lè tún dùùrù kankan ṣe mọ́, kó má baà dá páìpù ilé rẹ̀ mọ̀ nínú dùùrù tí òun fẹ́ tà bíi ti Jámánì.

“Kí ló dé tí o wé wọn láṣọ?” Sájẹ́ǹtì bi í.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mi ò mọ ìgbà tí mo wé wọn.”

Nírọ̀lẹ́, bàbá lajú. Monínúọlá rò ó fún un pẹ̀lú ẹkún ayọ̀: ọwọ́ ti tẹ olè, orúkọ wọn ti mọ́.

“Páìpù ńkọ́?”

“Ọ̀kan ò bàjẹ́, Bàámi. Adédoyin fi aṣọ wé gbogbo wọn.”

Omijé bọ́ lójú arúgbó náà. “Usẹ́ ulé mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ.” Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ọ̀la ni ìkórè. Lọ tò wọ́n padà. Má fọwọ́ lásán gbé e o.”