Ọkùnrin Tó Ń Tọpa Ọ̀rọ̀

Òjò ti pa ọkùnrin náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò, ṣùgbọ́n ìwé tó fi ẹ̀wù bò mọ́ àyà kò tutù rárá. Ọmọbìnrin adìwé kan, tó ń tún ìwé àtijọ́ tó ti ya dì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìwé náà, ó wo ojú ẹni tó gbé e wá. Ọkùnrin náà wù ú lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ò wá rí nǹkan fi bo orí ara yín?"

"Orí mi á gbẹ. Tí ìwé yìí bá tutù, ó parí nìyẹn."

Iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "always", tó túmọ̀ sí nígbà gbogbo, ló ń tọpa rẹ̀ lọ sínú èdè àwọn baba ńlá àwọn Òyìnbó. Bó bá ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ a máa dán, adìwé a sì gbàgbé gọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Kò jẹ́ sọ ohun tí kò fojú ara rẹ̀ rí nínú ìwé. Adìwé fẹ́ràn ìwà yẹn púpọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Atọpinpin. Nígbà tó yá, Atọpinpin ń wá láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Ẹ ò rí i bí ìfẹ́ ṣe ń ṣeni!

Ni adìwé bá mú un lọ sílé wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá adìwé, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, bi í.

"Ṣé wàá máa fẹ́ràn ọmọ mi títí dópin?"

Atọpinpin dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò tíì dé òpin yẹn, mi ò lè jẹ́rìí sí i."

Òótọ́ korò. Bàbá ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ.

Ọmọbìnrin náà sunkún, ó bínú, síbẹ̀ ó gbèjà rẹ̀. "Bàbá mi, ẹni tí kò lè parọ́ kẹ́ ẹ tó fún un níyàwó, ṣé èmi ló máa wá parọ́ fún lẹ́yìn?"

Lọ́jọ́ kejì, Atọpinpin padà wá.

"Bàbá, mo ti rí orírun "always", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń wá. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni, 'gbogbo' àti 'ọ̀nà'. Mi ò lè jẹ́rìí sí òpin, àmọ́ mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ yín rìn lónìí, mi ò sì ní yà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ń rí òpin ọ̀nà kó tó gbéra? Wọlé, jàre."

Atọpinpin yíjú sí adìwé. "Ìfẹ́ mi, ṣé wàá bá mi lọ?"

"Tó o bá ní ká dúró wo ìwé ní gbogbo ìkóríta, èmi á ṣíwájú ẹ o." Ṣùgbọ́n ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú bàbá, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jókòó.