Ìtàkùn Tí Láwùmí Ń Bomi Rin

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tó bá fẹ́ kó fi rẹ́rìn-ín. Láwùmí tó ṣẹlẹ̀ sí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba òun gbọ́. Kì í sì ṣe obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń rí nǹkan kiri. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bí òwìwí bá ké lórí òrùlé, òkò ló máa ń sọ lù ú, á sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀. Akínbíyì, ọkọ Láwùmí, jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́, wọn kò bímọ. Akínbíyì kò fi ṣe ìjà. Ìyá rẹ̀ náà kò bú Láwùmí rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, tàánútàánú ló sì fi sọ ọ́: "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ara kò bá le, ta ni yóò bu omi fún ọ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ Láwùmí lára, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí wọ́n kó dé ilé náà, ìtàkùn kan wà lẹ́yìnkùlé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ mọ́ wáyà ọgbà. Òyìnbó kan tó ti gbé ibẹ̀ rí ló gbìn ín nítorí òdòdó rẹ̀. Akínbíyì ní kìlẹ́mátíìsì ni wọ́n ń pè é. Láwùmí ní orúkọ náà gùn ju ìtàkùn fúnra rẹ̀ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Ó kíyè sí i pé òkè rẹ̀ ń fẹ́ oòrùn, ìdí rẹ̀ ń fẹ́ òjìji, ó sì to àpáàdì yí gbòǹgbò rẹ̀ ká kó lè máa tutù. Ó ya ìró àdìrẹ ara rẹ̀ kan tó ti gbó, ó fi ń so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ wáyà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ nídìí. Ní ìrọ̀lẹ́, á bu omi sí i, á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ lórúkọ. Àbẹ̀kẹ́ ló pè é.

"Ìyá Òdòdó," Akínbíyì á wí, "ṣé ọmọ rẹ ti jẹun?"

"Ó ti jẹun. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Lọ́dún yẹn, ìtàkùn náà yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ará kọ́tà wá wò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Láwùmí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá bu omi náà tán, tí gbogbo ẹ̀yìnkùlé pa lọ́lọ́, ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín kékeré ni, irú èyí tí ọmọdé máa ń rín bí omi tútù bá kàn án lórí. Á wẹ̀yìn. Kò ní sí ẹnìkan. Kò bà á lẹ́rù. Àní ó ti ń dúró dè é.

Nígbà tí òdòdó rẹ̀ tán, ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ó ta kókó, kò ṣe é tú. Akínbíyì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà ní gígé ni wọ́n ń gé e wálẹ̀, kó lè yọ òdòdó lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ṣé kò ní dùn ún?" Láwùmí béèrè.

"Ìtàkùn ni, Láwùmí."

Ó mú àlùmọ́gàjí láàárọ̀ Sátidé. Ó rò pé ẹ̀ka náà yóò le. Kò le. Àfi bí ẹni ń gé irun. Àwọn ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nísàlẹ̀ dákẹ́. Àlùmọ́gàjí nìkan ló ń dún. Ìgbà tó gé e tán ló tó mọ̀ pé òun ń sunkún. Lírọ̀lẹ́, ó bu omi sí kùkùté náà, ó dúró títí, kò gbọ́ ẹ̀rín kankan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi gèlè bò ó lórí.

"Ẹ kú ilé o, mà. Mùtíátù lorúkọ mi. Àwa la gbé ilé yìí kẹ́yìn, kí ọkọ mi tó rí iṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a kó lọ sí Àgbowó."

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"N kò ní lè jókòó, mà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ibi ọmọ yìí sí, nídìí ìtàkùn kan."

Láwùmí ṣíwájú. Nígbà tí Mùtíátù rí kùkùté náà, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó tú gèlè. Irun orí ọmọ náà ti rí gbágungbàgun, bí ẹni tí kò mọ irun gé ló gé e.

"Dàdá ni," Mùtíátù wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè. "A kò fi òòyà kàn án rí. Láàárọ̀ Sátidé, ó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń mu ẹ̀kọ. Irun náà ń já bọ́ sínú abọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, ó ń já bọ́ láàárín ìka mi. Láti ìgbà náà ni ibà ti gbé e. Wọ́n fún un lóògùn lọ́sibítù, ibà kò lọ. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n wá wo ibi tí a sin ibi rẹ̀ sí. Mà, ta ló gé e?"

Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ṣàdédé gé irun dàdá? Ọmọ lè bá irun lọ.

"Èmi ni," Láwùmí wí.

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń bu omi sí i?"

"Èmi ni. Ní ìrọ̀lẹ́."

Mùtíátù mi orí. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ lorí rẹ̀ ń tutù. A gbé ẹní kúrò níbi kan lọ síbòmíràn. Òrùlé kò jò. Omi á sáà máa kán lórí rẹ̀, òun á máa rẹ́rìn-ín. Àmọ̀kẹ́ loríkì rẹ̀. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ní òun kọ́."

Láwùmí sún mọ́ ọmọ náà. "Kí ló ní òun ń jẹ́?"

Ọmọ náà lajú. Ó na ọwọ́ sí Láwùmí.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí. "Màmá olómi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Wọn kò padà sí Àgbowó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Akínbíyì ti ibi iṣẹ́ dé, tó gbọ́, gbogbo àwàdà rẹ̀ ló tán lẹ́nu. Ó gbé ẹní wá, ó tẹ́ ẹ fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté.

"Ẹ̀yin lẹ gé e," Mùtíátù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un padà."

Láwùmí tún àpáàdì tò. Ó bu omi, ó gbàdúrà, ó tún bu omi. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé àyà ń dùn ún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà òjò. Ọmọ náà kò jẹun mọ́. Nígbà tó yá, kò béèrè omi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀mùnú kan yọ lára kùkùté náà, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Láwùmí fọwọ́ tọ́ Mùtíátù. Lórí ẹní, ọmọ náà ti ń làágùn. Ó ní òun fẹ́ àkàrà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Mùtíátù wo ìtàkùn náà títí.

"Ǹ bá hú u dání lọ, Màámi."

"Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣí, ó lè kú."

Mùtíátù kúnlẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí omi wọ́n ọn, Màámi." Ọmọ náà ti di àkísà àdìrẹ kan mú, ọ̀kan nínú èyí tí Láwùmí fi ń so ẹ̀ka. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí, kò fi sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó mú un lọ.

Irun rẹ̀ hù padà, ó sì ta kókó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà padà sí ẹ̀yìnkùlé. Láwùmí kò mú àlùmọ́gàjí débẹ̀ mọ́.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n rán Akínbíyì lọ sí Kánò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ibà dá Láwùmí dùbúlẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á wọ́ ara rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, á da omi sí Àbẹ̀kẹ́, á sì wọ́ padà. Agbára tí yóò fi bu ti ara rẹ̀ kò ní kù. Ó dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń padà wá sí i lọ́kàn.

Nígbà náà ni omi tútù kàn án níwájú orí. Ó rọra ń ṣàn. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kan ètè rẹ̀, ó rin ìrọ̀rí. Láwùmí lajú. Kò sí ẹnìkan. Fèrèsé wà ní títì. Yàrá náà ń rùn bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní ìrọ̀lẹ́, títí ibà fi lọ.

Kò tíì lè rìn dáadáa nígbà tí Mùtíátù dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Màámi, ṣé ara yín ti dá?"

"Ó ti dá. Ta ló sọ fún yín?"

"Àmọ̀kẹ́ ri àkísà yẹn mọ́lẹ̀ níwájú ilé wa. Ó ń bu omi sí i, a kò kà á sí. Nǹkan ti hù níbẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ara nǹkan náà ń gbóná. Ó kọ̀, kò kúrò nídìí rẹ̀."

"Kí ló ní ó jẹ́?"

"Ó ní ìyá òun ni."

Ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ gbá Láwùmí mú. Ó fọwọ́ kan irun orí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ Mùtíátù mú.

"Ṣé ọkọ yín máa ń ro iwájú ilé?"

"Ó máa ń ro ó, Màámi."

"Ẹ jọ̀ọ́," Láwùmí wí, "ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó má fi àdá kàn án."