Ilà Márùn-ún Lára Àga Lọ́kọ́ja

Lọ́jọ́ tí Sàkáríyà kọ́kọ́ pàdé Ìbídùnní, ojú rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ àga ni. Ọmọbìnrin náà ru àga sórí, ó ń bọ̀ láti ojú títì, ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì nà sókè lórí rẹ̀. Káfíńtà ni Sàkáríyà, ọmọ Ìwó, abẹ́ igi ìgbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Life Camp ní Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1983. Ó sáré lọ bá a sọ ẹrù.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ àga àtijọ́ tún ṣe."

Sàkáríyà ti kúnlẹ̀ ti àga náà. Igi rẹ̀ dúdú, ó wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan parí sí èékánná kìnnìún tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́, pankẹ́rẹ́ ìjókòó rẹ̀ sì ti já. Ìbídùnní ṣàlàyé pé ọmọ Mọ̀pà ni òun. Ó ní àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un ló fi àga náà ta bàbá ìyá àgbà òun lọ́rẹ ní Lọ́kọ́ja, nígbà tí bàbá náà ń se oúnjẹ fún wọn. Ìyá àgbà ló fi ránṣẹ́ sí òun láti ilé, apá àga náà sì ń mì.

"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni," ni Sàkáríyà sọ. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè, tó rí ojú ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Ọ̀sẹ̀ kan bá di oṣù mẹ́ta.

Ẹ má bi mí bí pankẹ́rẹ́ ṣe ń gba oṣù mẹ́ta. Ní Sátidé kan, pankẹ́rẹ́ kò tíì dé láti Èkó. Ní Sátidé kejì, gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ. Ní ẹ̀kẹta, ara Sàkáríyà ni kò yá, bẹ́ẹ̀ iyán ló ń bù jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Ìbídùnní dé. Ìbídùnní náà kì í ṣe òmùgọ̀. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Gárkì, ó mọ ohùn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Síbẹ̀, Sátidé kan kò kọjá kó má wọkọ̀ wá béèrè àga tó mọ̀ dájú pé kò tíì parí.

Níbẹ̀ ló ti mọ òwò kejì tí Sàkáríyà ń ṣe. Àwọn òyìnbó tó ń gbé inú Life Camp fẹ́ràn ohun àtijọ́: ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ère sí, àpótí ìjókòó, àwo idẹ. Ohun àtijọ́ kò sì pọ̀ tó wọn. Sàkáríyà á gbẹ́ àpótí tuntun, á rẹ ẹ́ sínú omi tíì àti kán-ún, á gbé e sókè iná kí èéfín wọ̀ ọ́ lára, á sì sin ín sínú ilẹ̀ ọ̀gán. Nígbà tí yóò bá fi hú u jáde, ọmọ oṣù kan ti di arúgbó. Òyìnbó á rà á, á sì tún dúpẹ́.

"Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?" Ìbídùnní bi í.

"Mi ò sọ fún wọn pé ó ti pẹ́. Wọ́n wò ó, wọ́n gbà á gbọ́ ni."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú Sàkáríyà dùn sí ẹ̀rín yẹn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn gan-an ló wá ń tì í lójú jù.

Nígbà tí ìfẹ́ wọn ti kúrò ní ohun tí à ń fi pamọ́, ẹbí gbọ́. Rísíkàt, ìyá Sàkáríyà, ránṣẹ́ láti Ìwó pé ṣé gbogbo ọmọ Mùsùlùmí tó wà ní Ìwó ti tán ni. Ọbayẹmí, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbídùnní, tí Ìbídùnní ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní díákónì ni òun, òun kò lè fa ọmọ lé onílẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kò já.

Ìyá àgbà ló já a. Obìnrin náà ránṣẹ́ láti Mọ̀pà, ìbéèrè méjì péré ló bi ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣé ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́? Ṣé olóòótọ́ ni? Ìbídùnní kọ lẹ́tà padà pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá àgbà ní ó tán, kí ọmọkùnrin náà parí àga, òun ń bọ̀ wá sí Àbújá láti ṣàdúrà fún ìyàwó lórí rẹ̀.

Ayọ̀ ni Sàkáríyà fi ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ pé ti òyìnbó ni, kò ní fọwọ́ kan àpá kankan lára rẹ̀, nítorí àpá ni òyìnbó ń rà. Ṣùgbọ́n ará ilé kì í gbé ògbólógbòó wá fún káfíńtà kó tún gbà á padà ní ògbólógbòó. Ó fẹ́ kí àga ìyàwó rẹ̀ dán gbinrin. Ó gbé ìfági, ó fá apá méjèèjì títí igi fi pọ́n. Lábẹ́ apá ọ̀tún, ó rí àwọn ojú ọ̀bẹ kéékèèké, márùn-ún, ó rò pé ọmọ aláìgbọ́ràn kan ló fi ọ̀bẹ ṣeré níbẹ̀. Ó fá àwọn náà. Orin ló ń kọ nígbà tó ń kun fáníṣì.

Ní ọjọ́ kejì, Ìbídùnní yà sí ibi iṣẹ́ Sàkáríyà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Sàkáríyà ti fi aṣọ bo àga náà kó lè ṣí i lójijì. Ìbídùnní ní kó dúró ná, ohun kan wà tí òun fẹ́ fi hàn án kó tó ṣí i. Ó bi í bóyá ó rí àwọn ilà tó wà lábẹ́ apá ọ̀tún. Ó ní obìnrin ẹbí àwọn kì í lọ ilé ọkọ láìjókòó sórí àga yẹn, àgbà á ṣàdúrà fún un, á sì fi ọ̀bẹ kọ ilà kan fún un. Ìkarùn-ún ni ti Bámiṣayọ̀, ìyá òun, tó kú nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Tí mo bá fẹ́ bá màmá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí, "màá lọ ki ìka bọ inú ilà yẹn. Ìka mi ló jẹ́ kó jìn ju ti àwọn yòókù lọ, Sàká. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ohun tó yẹ kí Sàkáríyà sọ ti dé ẹnu rẹ̀, ó kàn gbé e mì ni.

"Mo rí wọn," ló sọ. "Má tíì ṣí i, Ìbí mi. Fáníṣì rẹ̀ kò tíì gbẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe iṣẹ́ tó dára jù láyé rẹ̀. Ó bó fáníṣì kúrò. Ó kọ ilà márùn-ún padà sí ibi tí wọ́n wà, ó fi tíì pa wọ́n láró, ó gbé wọn sí èéfín. Ó fi eérú àti òróró ra ìkarùn-ún, ìka tirẹ̀ ló fi ń ra á lọ ra á bọ̀ títí ó fi jìn, tó sì ń yọ̀. Ìtìjú bò ó bó ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tí Ìbídùnní dé, ó ki ìka bọ ibẹ̀, ó dijú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Sàkáríyà kò lè wo ojú rẹ̀ tààrà mọ́. Ìbídùnní rò pé ìtìjú ọkọ ìyàwó ni.

Ọjọ́ ìdána pé ní pálọ̀ Ọbayẹmí ní Gárkì. Rísíkàt ti dé láti Ìwó, ó fi ìborùn funfun bo orí. Ìyá àgbà wọlé, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Mọ̀pà, ó ní, "Òkun o," wọ́n dáhùn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sídìí àga. Ìbídùnní ti jókòó. Arúgbó náà fi ọwọ́ wá abẹ́ apá ọ̀tún, ó ń ka ilà, ó ń pe orúkọ: ti òun fúnra rẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ méjì, ti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn.

"Bámiṣayọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọmọ rẹ ń lọ ilé ọkọ lónìí. Ṣé o ń gbọ́?"

Ìbídùnní bú sẹ́kún. Ìyá àgbà nawọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé. Sàkáríyà mọ̀ pé bí òun bá panu mọ́, ìyàwó ti di tòun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín pálọ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ dúró. Bámiṣayọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mo fá a dànù. Ẹ̀rù bà mí, mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ òmíràn. Èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Ọbayẹmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní irú ọkùnrin wo ló lè sọ irọ́ di àgbàlagbà báyìí. Rísíkàt fa ìborùn bojú. Ìbídùnní gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àga díẹ̀díẹ̀, ó dìde.

"Òyìnbó nìkan kọ́ lo ń tàn nígbà náà," ni ó sọ. Ó wọ yàrá lọ.

Ìyá àgbà kàn ń fi etí aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún. Gbogbo èébú tí wọ́n bú Sàkáríyà lọ́jọ́ náà kò dùn ún tó ìyẹn.

Wọ́n ní kó máa gbé àga rẹ̀ lọ, kì í ṣe ti àwọn mọ́. Oṣù márùn-ún ni àga náà fi wà lábẹ́ igi ìgbá, Sàkáríyà kò sì jókòó lé e rí. Nígbà tí òyìnbó kan wá béèrè àpótí àtijọ́, ó sọ fún un pé tuntun ni, òun ló gbẹ́ ẹ. Òyìnbó náà lọ, kò padà mọ́. Ìfẹ́ Ìbídùnní ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló lọ láìsọ fún un. Rísíkàt tí kò fẹ́ ìgbéyàwó náà tẹ́lẹ̀ ló wọkọ̀ láti Ìwó dé Mọ̀pà, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá àgbà. Ó ní òun kò wá sọ pé ọmọ òun kò parọ́. "Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò mú un," ni ó wí. "Òun ló mú ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Ìyá àgbà padà wá sí Àbújá. Sàkáríyà ń rẹ́ pákó lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tó rí i tó ń bọ̀ láti ojú títì, Ìbídùnní ló dì í lọ́wọ́ mú. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú èérún igi.

"Dìde," ni Ìyá àgbà wí. "Gbé àga náà wá. Fá irọ́ rẹ kúrò lára rẹ̀, kí n máa gbọ́."

Ó gbé ìfági, ó fá a. Arúgbó náà dẹtí sílẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀bẹ láti inú àpò rẹ̀, ó ní inú orí òun ni àwọn tó ni ilà wà, wọn kò sí lára igi. Ó kọ ilà mẹ́rin, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí èyí tó tọ́ nínú wọn. Nígbà tó kan ti Bámiṣayọ̀, ó fi ọ̀bẹ lé Ìbídùnní lọ́wọ́.

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ yọ̀, àga mì.

"Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún mi," ni ó wí láìwẹ̀yìn. Oṣù márùn-ún nìyí tó ti bá Sàkáríyà sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Sàkáríyà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di èékánná kìnnìún mú. Ìbídùnní kọ ilà ìyá rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó mí kanlẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́."

"Màá dúró, Ìbí."

Ìyá àgbà gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà. Ó ní ọ̀nà Mọ̀pà jìn, òun kò ní lè wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó jókòó. Ìbídùnní dúró. Ó wo Sàkáríyà lórí ìkúnlẹ̀, orí rẹ̀ nílẹ̀, èérún igi nínú irun rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yí padà. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé apá rẹ̀.

Sàkáríyà kò gbójú sókè, ìtìjú kò jẹ́. Ó kàn di ẹsẹ̀ àga mú gírígírí, ó sì ń gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ igi lókè orí rẹ̀.