Oníbèéèrè àti Káfíńtà Tí Kì Í San Owó-Orí

Ìwọ tó ń kà á, mo bẹ̀ ọ́, rọra kà á. Ọ̀rọ̀ owó-orí wà nínú rẹ̀, owó-orí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sókè. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ dàgbà tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kẹ̀yìn síra wọn. Bí o bá fẹ́ kà á síta, kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó tì ọ́. Bí o bá sì ti mọ apá ibi tí o wà nínú ìjà yìí, mo kìlọ̀ fún ọ, ó ṣeé ṣe kí o fi ara rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí obìnrin inú ìtàn yìí kọ́kọ́ rí ni bẹ́ẹ̀dì kan tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

Ilé alájà mẹ́rin ni. Àtẹ̀gùn rẹ̀ há, ògiri rẹ̀ sì ti dúdú níbi tí ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń gbà á mú. Obìnrin yìí ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, ó gbá fáìlì mọ́ àyà. Ó gbọ́ tí nǹkan ń mí hẹlẹhẹlẹ nísàlẹ̀. Ó bẹjú wò ó. Bẹ́ẹ̀dì ni, wọ́n fi aṣọ àlòkù wé e látòkè délẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn méjì sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀dì, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí.

Bẹ́ẹ̀dì dúró. Ohùn ọkùnrin kan jáde lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ ṣeun o. Ta ló ń kí mi? Bàtà yín nìkan ni mò ń rí."

"Báwo ni bàtà náà?"

"Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ó dí ọ̀nà."

"Ta ni kó padà nínú àwa méjèèjì?"

"Èmi ò lè padà. Bí mo bá padà, ilé yìí á bá mi padà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gun òkè padà títí dé ibi tí àyè ti fẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wá yọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó funfun wà nínú irun ojú rẹ̀ bíi ti arúgbó, ṣùgbọ́n ojú náà fúnra rẹ̀ ò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Obìnrin yìí gbàgbé pé òun ń lọ síbì kan.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe tẹ́ ẹ fi gbá fáìlì mọ́ra báyìí?" ni ọkùnrin bi í.

"Ọ́fíìsì ìrànwọ́ ni mo wà. Mo máa ń wọlé tọ àwọn tálákà lọ, màá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ní àti ohun tí wọn ò ní. Tá a bá mọ̀ ọ́n, ìjọba á máa fún wọn lówó oṣooṣù."

"Áà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Oníbèéèrè."

"Wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́yìn yín ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè yín?"

"Káfíńtà. Níwájú mi nìyẹn." Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lẹ́yìn mi, wọ́n ń pè mí ní Fi-Mí-Sílẹ̀. Nítorí owó-orí. Mi ò san án rí. Ẹ má lọ sọ fún wọn o."

"Káfíńtà! Nínú owó-orí yẹn la ti ń ran tálákà lọ́wọ́."

"Ẹni tí ebi ń pa, ikùn rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Kí lẹ tún ń bi í léèrè? Èmi, tí mo bá rí i, mo ti fún un nìyẹn. Owó tó bá gba ọwọ́ mẹ́wàá kọjá, ẹ mọ̀ pé wọ́n á ti fá a tín-ín-rín bíi pákó."

"Bí a ò bá béèrè, ẹni tó bá mọ ariwo pa ló máa gbà á. Ẹni tó ń tijú á jókòó sílé."

Wọ́n dúró síbẹ̀ jiyàn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n. Oníbèéèrè kò bi í pé ta ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Oníbèéèrè gbé àga kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Káfíńtà tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kẹta, àga náà tún ń mì. Káfíńtà yí i padà, ó wò ó dáadáa.

"Àga yìí lágídí," ló wí. "Àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń tú ìṣó rẹ̀."

"Ṣé ẹ̀ ń fi ẹ̀sùn kàn mí ni?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Ẹ máa bọ̀ láìgbé àga."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá láìgbé nǹkan kan. "Ẹ" di "ìwọ," "ìwọ" di "olówó orí mi." Nígbà tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín títí pákó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Olówó orí rẹ ni mo fẹ́ jẹ́ o. Ti ìjọba ni mi ò ṣe." Oníbèéèrè á jókòó sórí pákó tí wọn ò tíì fá, á máa sọ pé bí kálukú bá ń dá ìwọ̀nba ohun tó ní jọ, kò sẹ́ni tí ìyà á jẹ kú. Káfíńtà á máa fá pákó, á ní òun ò rí ìjọba rí níbi tí wọ́n ti ń gbé omi fún aláìsàn. Wọ́n á jà. Ọ̀kan á rẹ́rìn-ín, èkejì á ní, "Wá jókòó sítòsí mi, abẹnugan."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ní bàbá. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ tiẹ̀. Agbowó-orí ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi gba owó-orí kó tó fẹ̀yìn tì, ajá sì bù ú jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn ṣì máa ń kọjá sí òdìkejì títì bí wọ́n bá rí i.

Ọjọ́ tí Káfíńtà lọ kí i, bàbá jókòó ṣinṣin, bíírò méjì wà lápò àyà rẹ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, títì tí o gbà wá síbí, owó kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Owó-orí ni, sà."

"Ó káre."

"Ihò inú rẹ̀ ńkọ́, sà? Owó kí ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ?"

Oníbèéèrè fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ pé o kì í san."

"Mo máa ń fi tèmi ran èèyàn lọ́wọ́ fúnra mi, sà."

"Àwọn wo? Dárúkọ wọn."

Káfíńtà tẹrí ba. "Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá ń ka orúkọ wọn kiri, ìtìjú ni mo fún wọn, kì í ṣe ìrànwọ́."

"Háà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbọ́ ìyẹn. Gbogbo ẹni tí kò fẹ́ san ló ń ran ẹni tí a ò rí lọ́wọ́." Bàbá dìde. "Mi ò fi ọmọ mi fún ẹni tí kò sí nínú ìwé. Ọjọ́ tí o bá gbé rìsíìtì wá, ká tún sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Òótọ́ ni pé òun náà ò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tí Káfíńtà ràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́kàn bí èérún igi.

Àsìkò yẹn ni iṣẹ́ gbé e lọ sí àjà kẹrin ilé alátẹ̀gùn tóóró yẹn. Màmá Alágbàfọ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Ogójì ọdún ni màmá yìí fi fọ aṣọ ará àdúgbò, orúnkún rẹ̀ ò wá ṣeé ká mọ́. Owó ìrànwọ́ ló fi ń ra oògùn. Lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ wo yàrá rẹ̀ kí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì tuntun, kì í ṣe tálákà mọ́.

Oníbèéèrè wọlé, ó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, tuntun. Ó fi ọwọ́ ra orí bẹ́ẹ̀dì. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin rẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn, ó rò pé màmá yìí ti rówó ra nǹkan lọ́wọ́ olólùfẹ́ òun.

"Màmá, ta ló ra àwọn wọ̀nyí fún yín?"

Màmá ti ṣèlérí fún Káfíńtà pé òun ò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹni ìjọba kankan. "Èmi náà ni," ló wí. "Èmi ni mo rà á."

Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn ò yí padà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Káfíńtà gun òkè lọ, ó bá Màmá níbi tó ti ń ti kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èjìká tì í.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Mo fẹ́ tà á ni, ọmọ mi. Wọ́n ti yọ orúkọ mi. Mo sọ bí o ṣe ní kí n sọ, mo ní èmi ni mo rà á."

Káfíńtà jókòó sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sáré lọ bá Oníbèéèrè.

"Ìwọ lo yọ ìyá arúgbó kúrò nínú ìwé?"

"Ohun tó sọ ni mo kọ."

"Èmi ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn gun òkè! O rí mi! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn tẹ́lẹ̀."

Ọwọ́ obìnrin náà wálẹ̀. "Bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ yẹn? O fi ta á lọ́rẹ ni? Kí ló dé tí o kọ́ màmá ní irọ́?"

"Kí wọ́n má bàa mọ ṣọ́ọ̀bù mi."

"Nítorí pé o ń sá fún owó-orí."

"Nítorí pé ìwé yín ò lójú!"

Káfíńtà lọ. Ó di ọjọ́ márùn-ún tí wọn ò rí ara wọn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ayùn rẹ̀ kò dún. Oníbèéèrè ní tirẹ̀ kò lè jẹun. Ẹ̀rù ló bà á jù. Bí ó bá sọ ní ọ́fíìsì pé ẹ̀bùn ni, wọ́n á ní kí ó dárúkọ ẹni tó fún un, wọ́n á sì wọlé tọ Káfíńtà lọ. Bí kò bá sọ, Màmá ò ní rí oògùn rà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá náà, kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán.

"Èmi ni mo ṣì í," ló wí. "Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí mo mọ̀, mi ò sì wádìí bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ dá orúkọ màmá padà. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ẹnì kan, ẹ yọ mí."

"Ta ló fún un?"

Oníbèéèrè gbá fáìlì mọ́ àyà.

"Ta ló fún un? Mo nílò ẹlẹ́rìí."

"Mi ò lè dárúkọ rẹ̀, Ọ̀gá."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, kò sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Káfíńtà ni. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìlà níta. "Èmi ni mo fún un," ló wí.

"Jáde," ni Oníbèéèrè sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀."

"Kí wọ́n kọ ọ́."

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù mìíràn yọ. Iṣẹ́? Káfíńtà. Ṣọ́ọ̀bù? Ó júwe rẹ̀. Ọdún mélòó? Ó sọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́.

"Ìyàwó ńkọ́? Ó wà àbí kò sí?"

Káfíńtà dúró. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná." Ó kọjú sí Oníbèéèrè. "Afọ́jú kan di apá mi mú níta, ó ní kí n fi ìdí ìlà han òun. Mo wá ìdí ìlà náà tì. Ó ti gba ẹ̀yìn ilé. Àwọn èèyàn láti àdúgbò tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo ń ro iye bẹ́ẹ̀dì tí mo lè kàn. Ọwọ́ mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀, ayọ̀ mi."

Omi lé sójú Oníbèéèrè. "Ìwé tèmi náà rí bẹ́ẹ̀dì, kò rí ẹni tó rù ú."

"Mo ṣì máa pariwo lórí gbogbo ihò títì o."

"Èmi náà á bá ọ pa á."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni Ọ̀gá wí, "ìlà ti dé títì. Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ pé ó wà," ni Oníbèéèrè wí.

"Kò tíì wà. Mi ò kì í kọ irọ́."

"Ẹ kọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ọ̀gá kọ ọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ Màmá padà sínú ìwé lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì fi ìlà kan kún òfin wọn, pé ẹ̀bùn kì í ṣe ọrọ̀. Oníbèéèrè gba ìwé ìkìlọ̀ kan. Káfíńtà san owó-orí, ó kérora, ó gbé rìsíìtì lọ fún bàbá. Bàbá wọ awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìfẹ́. "Ẹ bu omi fún àna mi," ló wí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn kékeré kan, ní ọ̀sán gangan. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gbé Màmá Alágbàfọ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà kẹrin, ó pọ̀n ọ́n, Màmá sì ń kígbe pé kó má sáré. Wọ́n fi í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá ìyàwó. Bàbá ti dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní kí gbogbo èèyàn kẹ́kọ̀ọ́, pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti ran tálákà lọ́wọ́ ju kí kálukú san tirẹ̀, kí á kọ ọ́ sínú ìwé.

Màmá ń wò ó. Ó wò ó títí.

"Ẹ dákun," ni Màmá wí, "ṣé ẹ̀yin kọ́ ni agbowó-orí tó máa ń wá sí ìdí àgbá omi mi nígbà tí mo ṣì ń fọṣọ? Tí ajá lé?"

"Ó ṣeé ṣe, Màmá. Ajá pọ̀."

"Ẹ̀yin náà ni! Lọ́dọọdún ni, ẹ ó já rìsíìtì fún mi, ẹ ó ní mo ti san. Mi ò sì san án rí. Mi ò ní in. Mo bi yín nígbà náà, ẹ sá lọ. Owó ta lẹ fi ń san án?"

Oníbèéèrè yí ojú sí bàbá rẹ̀. Káfíńtà náà yí ojú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá?" ni ọmọ rẹ̀ wí.

Bàbá tún bíírò méjèèjì inú àpò rẹ̀ tò. Ó rọra jókòó.

"Ọ̀rọ̀ mi ti parí," ló wí. "Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."