Adáradúró

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Gbádébọ̀ ní ìlú Ajítòní, ìlú abẹ́ àjà dígí tó wà lórí òṣùpá, inú yàrá ni bàbá tó bí i wà, wọ́n sì ti ta aṣọ bo fèrèsé mọ́ ọn lójú. Ìlú náà kò tóbi. Láti ojú fèrèsé yẹn, ènìyàn lè rí ọgbà tí wọ́n ń sin òkú sí, bẹ́ẹ̀ òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn wa kò torí pé wọ́n ti kó dé òṣùpá kí wọ́n gbé ìyẹn sọ nù. Gbádébọ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó kú. Pa Adéṣuyì, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, iye ọdún náà gan-an ló sì ti wà láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí àwọn onímọ̀ ṣe máa ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni ara ènìyàn ń bàjẹ́, ojoojúmọ́ náà ló sì ń tún ara rẹ̀ ṣe, àmọ́ kì í tún un ṣe tán. Agbára tí ì bá fi ṣe é pé pérépéré, ó ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ bímọ, ó sì ń fi tọ́mọ. Tí ọmọ bá ti dàgbà, ara kò rí ìdí tó fi yẹ kó máa da ara rẹ̀ láàmú mọ́. Ohun tí kò tún ṣe lónìí á lọ kún ti àná, òun la wá ń pè ní ogbó. Kò sí ẹni tó gbé wa ṣépè. Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn.

Ìbíyẹmí, àkọ́bí Pa Adéṣuyì, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ajítòní, ló ṣe oògùn tó dá ogbó dúró. Ó pè é ní Adáradúró. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tí oògùn bá bá ara rẹ̀ náà ni ara á dúró sí. Kò ní í lọ síwájú, kò sì ní í padà sẹ́yìn.

Láníkẹ́, ọmọ iṣẹ́ Ìbíyẹmí, rí ewu tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí oògùn àkọ́kọ́ jáde, tí kò tó ju ẹnì kan lọ, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀dọ́ fún un. Oògùn yìí kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe."

"Kí ọmọdé máa gbà á, kí bàbá mi máa wò?"

"Orúnkún ń dun bàbá. Ojú wọn ti ń ṣú. Bí wọ́n á ṣe máa wà nìyẹn o."

"Láníkẹ́, nílé yín, ta ló kọ́kọ́ ń mú ẹran?"

"Àgbà ni, mà. Àmọ́ èyí kì í ṣe ẹran."

"Kí làwọn èèyàn máa sọ? Pé ọwọ́ mi tẹ ohun tó dáa, mo wá fo bàbá mi?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọ̀mọ̀wé o! Ohun táwọn èèyàn máa sọ ló ń bà á lẹ́rù. Kò bi bàbá léèrè ohun tí bàbá fẹ́. Níwájú gbogbo ìlú ló ti kúnlẹ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ tó mọyì òbí nìyí. Kò pẹ́ sígbà náà, ewé omi tí wọ́n fi ń ṣe oògùn kú sínú ìgò, wọn kò sì rí i kó hù mọ́. Bó ṣe di pé Pa Adéṣuyì nìkan ló rí i gbà nìyẹn. Àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ayé wá wò ó. Ìbíyẹmí á dúró tì í, á ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní ara le.

Ní ọjọ́ ìsìnkú yìí, Ìbíyẹmí wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ ọgbà ní bàtà rẹ̀. Ó sáré bọ́ bàtà náà, ó tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ti sin ín?" bàbá bi í.

"Wọ́n ti sin ín, sà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló sin ín."

"Ó dáa." Bàbá ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ìwọ náà ti darúgbó, Ìbíyẹmí. Ṣé wọ́n á tún ta aṣọ bo fèrèsé yìí nítorí tìẹ?"

Ìbíyẹmí na ọwọ́, ó tún aṣọ fèrèsé náà fà.

"Orúnkún yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn," bàbá ní. "Mi ò sọ ni. Inú rẹ máa ń dùn gan-an tí àlejò bá dé, mi ò fẹ́ dójú tì ọ́. Àbí kò sí bí o ṣe lè tú oògùn yìí kúrò lára mi ni?"

Ojú wá gba Ìbíyẹmí tì gidi. Ọ̀nà wà. Láníkẹ́ ti ṣe oògùn kan tó ń jẹ́ Atúra, tí á jẹ́ kí ara máa bá ìrìn rẹ̀ lọ láti ibi tó dúró sí. Ó ti gbé e wá rí, ó ní kí wọ́n sọ fún bàbá kí bàbá fúnra rẹ̀ yàn. Ìbíyẹmí jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ kí òun pa bàbá òun ni, ó sì ti oògùn náà mọ́ inú àpótí tútù. Irọ́ ni. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kí àwọn ará ayé má gbọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kùnà.

Ó kúnlẹ̀. "Ọ̀nà wà, bàbá. Mo gbé e pamọ́ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà. Kí àìsàn Gbádébọ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

Bàbá kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá fi ọ̀pá nà án, ì bá sàn fún un. Ó kàn ń fi ìka rẹ̀ ka ọdún.

"Nígbà náà," ó ní, "Gbádébọ̀ ni ì bá sin mí."

Ìbíyẹmí kò lè gbé ojú sókè. Ì bá wù ú kí ilẹ̀ là, kó gbé e mì. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà títí ó fi gbọ́ tí bàbá ń ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

"Dìde, lọ gbé e wá," bàbá ní. "Kí ìwọ náà má baà ṣáájú mi."